Ta ni Dókítà Níbí?

Ní òru àná, ní nǹkan bí aago 2, a sáré gbé obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà tí kò fẹ́ dá. Èmi ni ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́. Mo ní kí wọ́n fún un ní gíráàmù 1 tranexamic acid, òògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, kíákíá, nítorí pé òògùn náà kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣàǹfààní mọ́ bí wákàtí 3 bá ti kọjá lẹ́yìn ìbímọ, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì fún ilé ọmọ rẹ̀ títí ó fi le.

Nígbà tí mo jáde, ìyá ọkọ rẹ̀ dìde, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó sì kúnlẹ̀ fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn. "Dókítà, ẹ ṣeun o, Ọlọ́run á dá yín sí." Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò mọ ibi tí yóò fojú sí, èmi ló ń nàka sí. Màmá yíjú padà, wọ́n wo bàtà mi tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́, wọ́n wò ó pẹ́, kí wọ́n tó rọra béèrè pé, "Ṣé ìwọ ni, ọmọ mi?"

N kò bínú; ó ti rẹ̀ mí ju ìbínú lọ. Ṣùgbọ́n láti 1938 ni Dókítà Elizabeth Abimbola Awoliyi, obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe iṣẹ́ oníṣègùn òyìnbó ní Nàìjíríà, ti gba ìwé ẹ̀rí dókítà!

Ẹ̀yin obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi, ta ni wọ́n ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí dípò yín?