Ẹ fọwọ́ kan awọ aláìsàn, ẹ sì bi í: ẹ̀kọ́ fún ẹ̀yin tuntun ní ẹ̀ka ìtànṣán, níbi tí a ti ń fi ìtànṣán wo jẹjẹrẹ

Ẹ̀yin àbúrò wa, ìwé ní awọ tí ìtànṣán ń bà máa ń pọ́n. Lára aláwọ̀ dúdú, ẹ ó wá pupa tì. Ńṣe ló máa ń dúdú sí i, tí á gbóná, tí á máa yún, láti bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 ìtọ́jú. Bó bá jẹ́ ọmú ni ìtànṣán ń bà, abíyá àti abẹ́ ọmú ló sábà máa ń kọ́kọ́ bó, torí òógùn àti ìfararora. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ aláìlóòórùn ni kí aláìsàn fi wẹ̀ ẹ́, kó rọra fi aṣọ tẹ̀ ẹ́ gbẹ. Kànìnkànìn, àbóníkì àti àtíkè kò gbọdọ̀ kan ibẹ̀. Kọ́mú onírin náà, kó lọ sinmi ná.

Bó bá jẹ́ orí tàbí ọrùn ni, eyín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Èyí tó ti jẹrà, kí wọ́n yọ ọ́ ní bí ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú, torí egungun àgbọ̀n tí ìtànṣán ti bà kì í jinná bọ̀rọ̀. Ẹnu tó bó: ṣíbí tíì 1 iyọ̀ àti 1 baking soda (kì í ṣe baking powder o!) nínú omi lítà 1, kó máa fi ṣan ẹnu lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ wọn ìwúwo aláìsàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá rù, ìbòjú tó ń di orí rẹ̀ mú á ṣò, ìtànṣán á sì ṣìnà.

Jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ ló nílò ọgbọ́n jù. Àpò ìtọ̀ tó kún ló ń ti ìfun kúrò lójú ìtànṣán. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń ti Ìkòròdú bọ̀ ní ilé ìwòsàn Ìdí-Àràbà kì í fẹ́ mumi. Níbo ló fẹ́ tọ̀ sí nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ? Á dé pẹ̀lú àpò ìtọ̀ tó ṣófo, ìgbẹ́ gbuuru á sì le sí i. Ẹ má bá a wí. Ẹ jẹ́ kó mu ìwọ̀n omi tí wọ́n yàn fún un tó bá dé, kó dúró fún iye àkókò kan náà lójoojúmọ́. Bí gbuuru bá ti dé, ORS (omi oníyọ̀ àti ṣúgà), ìrẹsì funfun, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Kó fi ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti àgbo sílẹ̀.

Ojú máa ń ti ọ̀pọ̀ aláìsàn láti dárúkọ ìgbẹ́; bí wọn ò bá wá, wọ́n á ní owó ọkọ̀ ni kò sí. Bí aláìsàn bá pa ọjọ́ ìtọ́jú kan jẹ, ẹ sọ fún dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, torí jẹjẹrẹ ń pọ̀ sí i láàárín àlàfo.

Lọ́jọ́ tó bá parí ìtọ́jú, ẹ sọ fún un pé ìnira náà lè le sí i fún bí ọ̀sẹ̀ 1 sí 2 kó tó rọlẹ̀, kẹ́ ẹ sì fún un ní nọ́ńbà tí yóò pè.