Rò nìkan ò tó ẹ ní Japan

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi dúró de ọ̀gá kan ní Osaka. Mo lọ wáṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní "kangaetokimasu", mo yáa wo ìtumọ̀ ẹ̀ lórí fóònù, ó ní wọ́n máa rò ó wò, inú mi dùn, mo ti ń ṣírò owó oṣù. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti pẹ́ níbẹ̀ ló là mí lóye, àṣé báwọn ará Osaka ṣe ń sọ pé rárá láì jẹ́ kójú tì ẹ́ nìyẹn. Ti ilé iṣẹ́ ńlá tún wà, "kentō shimasu", àwọn máa gbé e yẹ̀ wò. Ìyẹn náà, ẹ má tíì ra bàtà iṣẹ́ o.

Ìgbà yẹn ni mo jókòó ti àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ "rò" lédè Japan dáadáa. Torí omou ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ mi, òun ni mò ń fi sọ gbogbo ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, omou ni èyí tó kàn wá síni lọ́kàn, mo rò pé òjò máa rọ̀, mo rò pé iyọ̀ ọbẹ̀ yẹn ti pọ̀ jù. Kangaeru ni kéèyàn ki orí bọ ọ̀rọ̀, kó tú u wò tìdítìdí bí ìṣirò. Èmi wá sọ fún tíṣà mi pé màá "omou" ìbéèrè wọn dọ̀la, wọ́n kàn ń wò mí ni.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni mayou. Tó o bá sọnù lójú títì, mayou ni, tó o bá dúró tí o ò mọ̀ bóyá ramen lo máa jẹ àbí udon, mayou náà ni, kódà àmì ìrìn wà nínú bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Nayamu wúwo jùyẹn lọ, àmì ọkàn ló wà lára tiẹ̀, owó ilé, ọ̀rọ̀ ìyàwó, ohun tí ò jẹ́ kéèyàn sùn. Tó bá wá dé ibi téèyàn káwọ́ lẹ́rán, tí wọ́n pè é tí ò gbọ́, kangaekomu nìyẹn.

Ẹ gbà mí, èmi tí mo ní àròkàn, àròjinlẹ̀ àti iyèméjì lédè mi, òyìnbó "think" ni mo lọ ń gbà kọjá! Ìgbà tí mo ń tú u sí Yorùbá tààrà, nayamu di ó ń jẹ mí lọ́kàn, mayou di ọkàn mi ń ṣe méjì, ara tù mí.

Hansei ló ṣì lù mí. Mo pẹ́ dé ibi iṣẹ́, wọ́n ní kí n hansei, mo bẹ̀bẹ̀ títí, ojú wọn ò yí padà. Àṣé wọn ò wá ẹ̀bẹ̀, kí n bojú wẹ̀yìn wo ìwà mi ni, kí n sọ ibi tí mo ti ṣìṣe àtohun tí màá ṣe kó má tún ṣẹlẹ̀. Mo kọ ọ́ kún ojú ewé kan. Àláàmù méjì ni mò ń lò báyìí.