Ọ̀sẹ̀ Kan Lábẹ́ Agogo Àgùdà

Ilé CMS, ìyẹn ìjọ Áńgílíkà, ni wọ́n bí mi sí. Bí mo ṣe ń dàgbà n'Íbàdàn, ohun tí mo mọ̀ nípa ìjọ Àgùdà kò ju pé Fadá wọn kì í níyàwó, àti pé wọ́n máa ń kúnlẹ̀ dìde, kúnlẹ̀ dìde, bí ẹni tí kọ́bọ̀ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọlọ́run wá mú mi lọ fẹ́ ọmọ Katikíìsì, olùkọ́ni tó ń darí ìjọ nígbà tí Fadá ò bá sí, l'Ékìtì. Ọdún kẹsàn-án rèé tí a ti ṣègbéyàwó, ọ̀sán ọjọ́ kan péré ni mo sì máa ń lò nígbàkigbà tí mo bá lọ kí àwọn àna mi: n ó jẹyán, wọn á gbàdúrà fún mi, n ó bọ́ sọ́kọ̀. Ní oṣù Ọ̀wàrà tó kọjá ni ìyàwó mi ní kòkó Bàbá ti pọ́n, ọwọ́ wọn ò sì ká a mọ́. Mo tọrọ ààyè níbi iṣẹ́, mo forí lé ọ̀nà.

Ìwó Róòdù ni mo ti wọkọ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. A gba Ifẹ̀, a gba Iléṣà, a dé Ìtàwúrẹ́, lẹ́yìn náà ni òkè Ẹ̀fọ̀n, níbi tí ọkọ̀ wa ti ń mí hẹlẹhẹlẹ bí arúgbó tó ń gun àkàsọ̀. Láti Adó mo tún wọ ọkọ̀ mìíràn gba Ìfàkì lọ sí Ọ̀yẹ́, ọ̀kadà ló sì gbé mi wọ inú oko lọ. N kò ní dárúkọ abúlé náà. Bàbá ní àwọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa wá ya fọ́tò agogo àwọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí agogo náà ṣe rí. Irin àárín táyà lọ́rì ni, ó ti dípẹtà, wọ́n fi ṣéènì so ó rọ̀ sára ẹ̀ka igi máńgòrò níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Irin kúkurú kan wà nídìí igi náà tí wọ́n fi ń lù ú. Ẹ má fojú di í o. Bí ó bá dún, ẹni tó wà nínú oko kòkó lódìkejì odò á gbọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ kéré: ògiri amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́, páànù tó ti pọ́n, àga gbọọrọ méjìlá, àti ère Màríà kan tí ìka rẹ̀ kan ti gé.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, wọ́n ní kí n dìde, pé ṣé mo bá oúnjẹ lọ́nà. Kí n tó dáhùn, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti lù. Bàbá gbé irin, wọ́n lu agogo. Ìyá tó ń ro ọkà lọ́wọ́ gbé orógùn sílẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́. Ọmọdé tó ń lé ewúrẹ́ kọjá dúró. Ewúrẹ́ nìkan ni kò dúró. Áńjẹ́lọ́sì nìyẹn: aago mẹ́fà àárọ̀, aago méjìlá ọ̀sán, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, lójoojúmọ́ ayé.

Àṣìṣe mi wáyé lọ́jọ́ kejì, Ọjọ́ Ẹtì. Inú oko la wà láti àárọ̀, à ń fọ́ kòkó. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọ̀sán pọ́n, Bàbá ní, “Bàbá Tìtí, ẹsẹ̀ ń dùn mí. Bá mi sáré lọ lu agogo ọ̀sán.” Inú mi dùn pé wọ́n fọkàn tán mi. Mo ti gbọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́ àná, mo ti gbọ́ ọ láàárọ̀, mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Mo dé ìdí máńgòrò, mo gbé irin, mo lù ú lẹ́ẹ̀kan. Mo dúró kí ohùn rẹ̀ tán nílẹ̀, torí mo fẹ́ ṣe é pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mo tún lù ú lẹ́ẹ̀kan. Mo dúró. Mo tún lu ẹyọ kan.

Mi ò tíì lù ú tó ìgbà mẹ́wàá tí mo rí obìnrin kan tó ń sáré bọ̀ láti ojú ọ̀nà odò, gèlè rẹ̀ lọ́wọ́. Ọkùnrin méjì yọ láti ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú àdá. Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ yà sọ́dọ̀ mi, ilé bàbá àgbàlagbà kan tó ti ń ṣàìsàn láti bí oṣù mẹ́ta ni wọ́n gbà lọ tààrà, tẹkún-tẹkún. Wọ́n bá bàbá náà lórí ẹní, ó ń jẹ ẹ̀bà. Wọ́n ní ó wo gbogbo wọn lójú kan lẹ́yìn èkejì, ó ní, “Ẹ fi mí sílẹ̀ kí n jẹun tán ná.”

Àṣé agogo òkú ni mo lù. Ẹyọ kan, kí ó dákẹ́ pátápátá, ẹyọ kan, kí ó tún dákẹ́: èyí ni wọ́n fi ń túfọ̀ níbẹ̀. Ti Áńjẹ́lọ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta léraléra, kí o dánu dúró kí àwọn èèyàn ka àdúrà Mo Kí Ọ Màríà kan; ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kí o dánu dúró; ẹ̀ẹ̀mẹ́ta mìíràn; lẹ́yìn náà mẹ́sàn-án láìsinmi.

Ojú tì mí débi pé n kò mọ ibi tí n ó fi orí pamọ́ sí. Ẹ sì rántí pé ilé àna ni mo wà o. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn. Wọ́n wá ṣa ekùrọ́ 18 nílẹ̀, wọ́n tò ó sórí àga lábẹ́ igi: mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́ta, àti mẹ́sàn-án. Wọ́n ní kí n máa fọwọ́ sún un bí mo bá ṣe ń lù ú. Ẹni tó bá rí wa lókèèrè á ní Ifá ni Katikíìsì ń kọ́ ọkọ ọmọ wọn.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti lórúkọ tuntun. Oṣù Rósárì ni oṣù Ọ̀wàrà nínú ìjọ Àgùdà, nítorí náà alaalẹ́ ni wọ́n ń gbé ère Màríà káàkiri, ilé kan lónìí, ilé mìíràn lọ́la. Bí mo ṣe yọ lálẹ́ ọjọ́ náà ni ẹnì kan ké láti inú òkùnkùn pé, “Atúfọ̀, ẹ kú alẹ́ o!” Gbogbo agbo bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tan iná tọ́ọ̀ṣì sí ère náà lójú, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Mo Kí Ọ Màríà 50, mẹ́wàá mẹ́wàá lọ́nà márùn-ún. Bàbá á gbé ìdajì àkọ́kọ́, àwọn yòókù á gbè é ní ìdajì kejì, kò sì pẹ́ tí kò fi jọ ọ̀rọ̀ mọ́, ó wá ń dún bí òjò lórí páànù. Mo sùn lọ níbi mẹ́wàá kẹta. Ìyá fi ìgbúnwọ́ gbún mi.

Ohun kan tí mo ṣàkíyèsí ni pé Yorùbá inú ìwé ni wọ́n fi ń gbàdúrà, “ilé” wọn jẹ́ “ilé”. Àmín kì í tíì gbẹ lẹ́nu wọn tí “ulé” fi máa ń padà dé, tí wọn á máa bára wọn jà ní Èkìtì pọ́ńbélé nípa ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ jẹ ẹ̀gẹ́ ẹni. Ìyá tún sọ fún mi pé alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló máa ń le fún àwọn. Ohun ìjìnlẹ̀ Rósárì tí wọ́n ń ṣàrò lé lórí lọ́jọ́ náà, Póòpù John Paul Kejì ló fi kún un lọ́dún 2002. Àwọn ìyá àgbà kọ́ ti àtijọ́ láti kékeré, wọn ò mọ ìdí tí a fi ní láti fi omi sí ọbẹ̀ tó ti jinná.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, oko láàárọ̀, ìmọ́tótó lọ́sàn-án. Àwọn obìnrin gbá ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fọ aṣọ pẹpẹ, wọ́n lọ̀ ọ́. Àwọn ọmọdé jókòó sábẹ́ máńgòrò fún kátíkísìmù. Bàbá di ojú, wọ́n ń bi wọ́n, “Ta ló dá ọ?” Wọ́n á pariwo pé, “Ọlọ́run ló dá mi!” Ọmọ tó bá ṣì í sọ, Bàbá ò ní la ojú, wọ́n á kàn pe orúkọ rẹ̀. Ohùn gbogbo wọn pátá ni wọ́n mọ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi tí mo bá ní oríire: Fadá ń bọ̀. Ìjọ kéékèèké mẹ́sàn-án ló wà lábẹ́ párìṣì náà, Fadá méjì péré ló sì ń sáré káàkiri wọn. Òfin ìjọ Àgùdà ni pé Mísà kan ni Fadá lè ṣe lóòjọ́. Tí Fadá ò bá tó, bíṣọ́ọ̀bù lè gbà kí ó ṣe méjì. Ó lè di mẹ́ta lọ́jọ́ Ìsinmi àti lọ́jọ́ ọdún ọ̀ranyàn, bí ọ̀ràn bá le. Abúlé tiwa ni ó máa ń ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Aago mẹ́wàá ni wọ́n pè é, aago kan ku díẹ̀ ni a gbọ́ ìró ọ̀kadà.

Ìyá ò tíì fi omi kan ẹnu láti òru. Mo rántí pé ìyàwó mi ti sọ fún mi rí pé wákàtí kan ṣáájú Kòmúníọ́nù ni ààwẹ̀ náà báyìí, láti ọdún 1964 tí Póòpù Paul Kẹfà ti dín in kù. Mo sọ ọ́ fún Ìyá jẹ́jẹ́. Wọ́n ní, “Póòpù ò bá èmi sọ ọ́.”

Fadá ò ju ọmọ ọdún márùndínlógójì lọ, bàtà rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀. Bàbá, tó tó bí i lọ́mọ tó sì tún jù bẹ́ẹ̀ lọ, fi gbogbo ara tẹ̀ kí i. Fadá fi àga sí ẹ̀yìn igi máńgòrò, ó da aṣọ ìjẹ́wọ́ lé ọrùn, àwọn èèyàn tò lókèèrè. Ìyá àgbà kan wà tí etí rẹ̀ ti di, ẹni tí kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ ò lè mọ̀ pé òun ń pariwo. Bó ṣe la ẹnu báyìí, “Fadá, obìnrin tá a jọ ń gbé ọgbà…,” obìnrin kan lórí ìlà kọ orin sókè kíá, gbogbo wọn gbè é, wọ́n sì ń kọ ọ́ lọ títí ìyá náà fi dìde. Ó hàn pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti bo àṣírí èèyàn dáadáa tó bẹ́ẹ̀.

Ọdẹ kan jókòó lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ṣakabùlà lórí itan. Mùsùlùmí ni, kò wọlé. Láti ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, 5 oṣù Òkúdù 2022, tí wọ́n pa nǹkan bí 40 èèyàn nínú ṣọ́ọ̀ṣì St Francis Xavier l'Ọ́wọ̀, ni wọ́n ti ní kí ẹnì kan máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ọ̀wọ̀ kò jìnnà sí Èkìtì. Nígbà ọrẹ, tí àwọn obìnrin ń jó iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àkùkọ kan tó ń jà fitafita lọ sí iwájú pẹpẹ, ojú ọdẹ náà kò kúrò lójú ọ̀nà.

Kí Fadá tó gòkè lọ sí pẹpẹ ni mo ti bi Bàbá léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe ní àwọn ọ̀sẹ̀ tí Fadá ò bá wá. Wọ́n ní àwọn á ka Bíbélì, àwọn á wàásù, àwọn á gbàdúrà fún aláìsàn, wọ́n sì lè sìnkú pàápàá. Ṣùgbọ́n wọn ò lè ya búrẹ́dì àti wáìnì sí mímọ́, wọn ò sì lè gbọ́ ìjẹ́wọ́. Kò sí àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà, nítorí náà wọn kì í fi Ara Olúwa, ìyẹn búrẹ́dì tí a ti yà sí mímọ́, pamọ́ síbẹ̀. Ohun tí Fadá bá yà sí mímọ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ náà. Oṣù kan ni ẹlòmíì fi ń retí ẹyọ kan yẹn. Mo wo Ìyá bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀ láti iwájú, ọwọ́ wọn pa pọ̀, ẹnu wọn dé pinpin, mo sì gba ọ̀rọ̀ mi nípa Póòpù padà nínú ọkàn mi.

Ọjà ọrún-ọrún tún wà níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni ọjà ń yí, ọjọ́ méje méje ni ṣọ́ọ̀ṣì ń yí, ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 28 ni àwọn méjèèjì ń pàdé. Bàbá ní ìjọ kì í kún lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn kì í sì í bá ẹnikẹ́ni jà.

Ọjọ́ Ajé, ibi òkìtì kòkó, Bàbá ń sọ ìtàn. Bàbá tiwọn, kí wọ́n tó wá dá oko síbí, Ọ̀yẹ́ ni wọ́n ń gbé nígbà tí Fadá Kevin Carroll àti Fadá Sean O'Mahony, òyìnbó méjì, dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1947. Wọ́n ní kí àwọn agbẹ́gilére wa fi ọwọ́ wa gbẹ́ ìtàn inú Bíbélì: George Bandele, ọmọ Areogun ará Ọ̀sì, àti Lamidi Fakeye ará Ìlá, tó jẹ́ mùsùlùmí, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bandele. Àwọn amòye mẹ́ta di ọba aládé, Màríà ró ìró. Nígbà tó fi máa di 1954, ibi iṣẹ́ náà ti kógbá wọlé. Mo béèrè ohun tí àwọn ará ìlú sọ nígbà yẹn. Bàbá ní, “Bàbá mi ní inú àwọn kan ò dùn. Wọ́n ní àwọn ti sá kúrò nídìí ère, Fadá tún ń gbé e tẹ̀lé àwọn.” Wọ́n fọ́ kòkó kan sí i. “Bàbá mi fẹ́ràn rẹ̀ ní tiwọn.”

Mo béèrè iye tí ìjọ ń fún wọn lóṣù. Wọ́n sọ iye náà. N kò ní kọ ọ́ síbí, ojú ń tì mí fún ẹni tó ń san án.

Ọjọ́rú ni mo fẹ́ padà, ṣùgbọ́n ọ̀kadà ò ní dé títí di aago kan. Bàbá ti lọ kí aláìsàn tó jẹ ẹ̀bà níjọ́sí. Ìyá yọjú láti ilé ìdáná, wọ́n ní, “Bàbá Tìtí, ọ̀sán ti pọ́n o.” Mo lọ sídìí máńgòrò. Ekùrọ́ mi ṣì wà lórí àga, adìẹ ti da mẹ́ta nù, mo wá òmíràn. Mo lù ú mẹ́ta, mo sún mẹ́ta, mo ka Mo Kí Ọ Màríà kan bí Ìyá ṣe kọ́ mi. Mẹ́ta. Mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni mo lu mẹ́sàn-án ìkẹyìn, mo gbé irin sílẹ̀, mo wo ojú ọ̀nà odò, mo wo ẹ̀yìn ilé.

Kò sẹ́ni tó sáré wálé.