Ẹ Ka Àwọn Tí Oúnjẹ Ò Tíì Kàn

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ sẹ́nu iṣẹ́ oúnjẹ àwọn àgbà ní Amẹ́ríkà níbí, ohun kan wà tó gbà mí lọ́dún púpọ̀ kí n tó mọ̀ ọ́n. Mi ò fẹ́ kó pẹ́ ẹ̀yin bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, èrò mi ni pé bí a bá ti ṣiṣẹ́ dáadáa, owó á wá. Lọ́dọọdún tí àwọn aṣòfin bá ní ká wá jábọ̀, iye abọ́ oúnjẹ tá a gbé fún àwọn àgbà ni mo máa ń kà fún wọn, pẹ̀lú àwòrán àwọn ìyá àti bàbá tó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á kí wa kú iṣẹ́, wọ́n á sì tún fún wa ní iye tí wọ́n fún wa léṣìí. Èmi ni mo fẹnu ara mi sọ fún wọn pé gbogbo èèyàn ti yó.

Ìwé kan sì wà nínú àpótí tábìlì mi tí mi ò fẹ́ kí àlejò rí: orúkọ àwọn tó ti béèrè oúnjẹ tá ò tíì lè fún. Ojú ń tì mí nítorí rẹ̀, àfi bíi pé ìkùnà wa ló wà níbẹ̀. Ìyá kan wà nínú ìwé náà tó ń dá gbé, tí orúnkún ò jẹ́ kó lè dúró nídìí sítóòfù mọ́. Nígbà tó wá kàn án, tí awakọ̀ wa kan ilẹ̀kùn, aládùúgbò ló yọjú, pé wọ́n ti gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Mi ò lè búra pé abọ́ oúnjẹ kan lójúmọ́ ì bá dá a dúró sílé. Ṣùgbọ́n a ò dán an wò, kò sì sí ọ̀kankan nínú àwọn tó ń pín owó tó gbọ́ rí pé ó wà láyé.

Ẹ ka òfin wa fúnra yín. Older Americans Act ni, òfin ìrànwọ́ fún àwọn àgbà, tí Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí ní oṣù keje ọdún 1965. Ọdún 1972 ni wọ́n fi ètò oúnjẹ kún un, ó sì di 1978 kí oúnjẹ tí à ń gbé lọ sílé tó ní ìpín tirẹ̀. Ẹni 60 ọdún sókè ló wà fún, pẹ̀lú ọkọ tàbí aya rẹ̀. A ò gbọdọ̀ yẹ àpò ẹnikẹ́ni wò ká tó fún un. Ẹni tó bá fẹ́ dá nǹkan lè dá a, ẹni tí kò ní, a ò gbọdọ̀ tìtorí ìyẹn dù ú.

Òfin tó dáa ni, ṣùgbọ́n ibi tí mo ti ṣì í gbọ́ nìyí. Kò dà bíi Medicare, ètò ìlera ìjọba fún àwọn àgbà, tó jẹ́ pé ẹni tó bá ti kúnjú òṣùwọ̀n á rí i gbà. Iye tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ilé aṣòfin àpapọ̀, bá yà sọ́tọ̀ lọ́dún kan náà ló wà. Bó bá tán, ẹni tó kù á máa dúró. Bí àwọn àgbà sì ṣe ń pọ̀ sí i, tí owó ẹyin àti epo ọkọ̀ ń gòkè, owó tó bá dúró lójú kan ti dín kù nìyẹn.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ọ̀nà tí ìdínkù máa ń gbà wọlé láìkanlẹ̀kùn. Dípò kí awakọ̀ lọ lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀, wọ́n á ní kó gbé abọ́ márùn-ún tó ti dì gbagidi lọ lẹ́ẹ̀kan. Lórí ìwé, iye abọ́ ò yí padà. Àmọ́ awakọ̀ yẹn ni ẹnì kan ṣoṣo tí bàbá mìíràn ń rí láàárín ọ̀sẹ̀. Òun ló ń mọ̀ bí bàbá bá ti ṣubú. Nítorí náà, ẹ máa ka iye ìgbà tí a kan ilẹ̀kùn pẹ̀lú iye abọ́.

Láti Washington, owó ń lọ sí ìpínlẹ̀, láti ìpínlẹ̀ sí àjọ ọ̀rọ̀ àgbà ní àgbègbè kọ̀ọ̀kan, kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìpínlẹ̀ àti káńtì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, náà lè fi tiwọn kún un, nítorí náà ẹ má dúró sí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Ọdún ìnáwó ìjọba àpapọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá. Ti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ọjọ́ kìíní oṣù keje. Ẹni tó bá dúró di oṣù kẹfà kó tó sọ̀rọ̀, ọbẹ̀ ti jinná kó tó gbé iyọ̀ dé.

Lọ́dún tí mo gbé ìwé inú àpótí náà jáde, mo yọ orúkọ kúrò, mo fi ọjọ́ tí oníkálukú ti ń dúró sí i. Aṣòfin kan tó ti máa ń kí mi kú iṣẹ́ gbà á, ó kà á, kò pàtẹ́wọ́. Ó ní, “Àgbègbè mi ni gbogbo wọn ń gbé?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Láti ìgbà wo lẹ ti ní ìwé yìí lọ́wọ́?” Mo sọ iye ọdún rẹ̀ fún un. Ó dákẹ́. Ó ká ìwé náà, ó kì í bọ àpò, kò fi í sórí òkìtì àwọn ìwé yòókù.