Ẹ Má Fa Bàbá Lọ́wọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ físíò,

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ní Ṣàgámù, mo rí ọ̀kan nínú yín tó di bàbá arúgbó kan tó ní àrùn Parkinson lọ́wọ́ mú, tó ń fà wọ́n, tó sì ń pariwo pé, "Bàbá, ẹ gbẹ́sẹ̀! Ẹ gbẹ́sẹ̀ ná!" Gìgísẹ̀ bàbá ti gbéra, orúnkún wọn ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ọmọ ìka ẹsẹ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀ pinpin. Mi ò bá a wí níwájú aláìsàn. Àmọ́ mi ò rí oorun sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà, torí mo mọ ibi tí fífà yẹn ń já sí. Ó pé 20 ọdún lọ́dún yìí tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí nílẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ti rí.

Àkọ́kọ́, ẹ wo aago kẹ́ ẹ tó wo ẹsẹ̀. Nínú àrùn Parkinson, àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó ń pèsè dopamine, èròjà tí ọpọlọ fi ń darí ìrìn ara, ló ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, oògùn levodopa la sì fi ń dí àlàfo náà. Bí oògùn bá gun ara, aláìsàn á rìn. Bó bá ti ń tán lára, ara á tún le. Ẹ bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n lò ó, kí ni wọ́n sì jẹ tẹ̀ lé e. Ẹja àti ẹran tó kún inú ìkọ́kọrẹ́ lè dí oògùn náà lọ́nà, ó sàn kí wọ́n lò ó ní nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú ṣáájú oúnjẹ. Bí wọ́n bá mú wèrèpè wá, ẹ má jágbe mọ́ wọn. Òótọ́ ni pé levodopa wà nínú èso rẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n tó wà nínú ṣíbí kan. Ẹ sọ fún dókítà wọn. Bẹ́ ẹ bá pariwo, wọ́n á máa lò ó ní kọ̀rọ̀ ni.

Èkejì, kì í ṣe gbogbo wọn lọwọ́ ń gbọ̀n. Ti ẹlòmíì, ohùn ló máa rẹlẹ̀, ìkọ̀wé á kéré, ojú á le bíi ti ẹni tó ń bínú. Láti ọdún 1817 ni James Parkinson ti ṣàpèjúwe àrùn yìí ní Lọ́ńdọ̀nù, síbẹ̀ àwọn ará ilé ṣì ń sọ pé ọjọ́ ogbó ni, tàbí pé ayé ló ṣe é.

Ẹ̀kẹta ni mo ní lọ́kàn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé yìí, mi ò sì lè sọ ọ́ láìsọ ti bàbá Ìpẹru.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń wá, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, láago mọ́kànlá àárọ̀. Mo kọ́ wọn ní ìgbésẹ̀ ńlá, mo kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa ju apá, bí wọ́n á ṣe máa yí gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ dípò kí wọ́n yí lójú kan. Wọ́n ń rìn bí ọmọ régbérégbé lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Mo pe àwọn òṣìṣẹ́ yòókù wá wò wọ́n. Ìyàwó wọn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, báàgì lórí itan, wọ́n ní, "Dókítà, nílé, wọn kì í rìn báyìí o. Tí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà yàrá, wọ́n á kàn dúró síbẹ̀ ni."

Mo dá wọn lóhùn pé, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ̀ ń kẹ́ wọn jù. Ẹ dì wọ́n lọ́wọ́ mú, kẹ́ ẹ fà wọ́n." Ìyá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ìdájí ni, bàbá fẹ́ lọ tọ̀, oògùn alẹ́ ti tán lára wọn. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá fà wọ́n bí mo ṣe ní kí wọ́n ṣe. Àyà tẹ̀ lé ìyá, ẹsẹ̀ ò tẹ̀ lé e. Egungun ìbàdí ló kán. Bàbá ò dá rìn mọ́ títí wọ́n fi kú.

Ọ̀gá mi nígbà yẹn ti kọ̀ jálẹ̀ pé ká máa lọ sílé aláìsàn. Ó ní ta ló máa sanwó ọkọ̀. Inú rẹ̀ ṣì ń bí mi dòní. Ṣùgbọ́n ọ̀gá kọ́ ló ní kí ìyá fà wọ́n. Èmi ni.

Bàbá ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù nígbà tí mo fi owó ara mi wọkọ̀ lọ sí Ìpẹru. Gbogbo ohun tó ń mú ẹsẹ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀ ló pé sẹ́nu ọ̀nà yẹn: dúrọ́ọ̀mù omi tó sọ ọ́ di tóóró, kọ́tìnì tó wọ́lẹ̀, sìmẹ́ńtì tó yọ gọnbu, kápẹ́ẹ̀tì dúdú lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí iná. Mo yí dúrọ́ọ̀mù kúrò, mo ká kọ́tìnì sókè. Mo lẹ téèpù funfun mọ́lẹ̀ ní ìlà ìlà, kí bàbá lè máa ré e kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ìlù inú ọpọlọ tó ń darí ìgbésẹ̀ bá ti dákẹ́, ìlà tójú rí tàbí àtẹ́wọ́ tétí gbọ́ lè gba ọ̀nà míì jí ẹsẹ̀. Mo fi han ìyá: ẹ má fà wọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró ná, kí wọ́n nàró, kí wọ́n gbé ara sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, lẹ́yìn náà sí ìkejì, kẹ́ ẹ wá máa pàtẹ́wọ́, ọ̀kan, èjì, kí wọ́n fi ìgbésẹ̀ ńlá ré ìlà.

Ìyá wo téèpù náà pẹ́. Wọ́n ní, "Dókítà, ṣé gbogbo ohun tó gbà náà nìyí?"

Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ìwọ tí mo rí ní Ṣàgámù, wá bá mi ní Ọjọ́rú. Téèpù wà nínú báàgì mi. A jọ máa lọ sílé bàbá yẹn.