Àfọ́kù ìgò nínú rock tumbler: bí mo ṣe ń ṣe é

Gíláàsì kì í ṣe òkúta o. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, torí pé rock tumbler tí mo ń lò yìí, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń yí nǹkan títí á fi dán, òkúta ni wọ́n dìídì ṣe é fún, ìwé tó sì wà nínú páálí ẹ̀, ọ̀rọ̀ òkúta náà ló ń sọ látòkè délẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀lé ìwé yẹn bó ṣe wà, tó da àfọ́kù ìgò síbẹ̀ tó sì tì í pa, ìgò tó kún fún àpá kéékèèké ló máa bá nínú ẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń gbá ara wọn mọ́lẹ̀ tọ̀sántòru.

Fún àwọn tí ò tíì rí i rí, ẹ̀rọ náà ò díjú. Agolo onírọ́bà kan ni, ó ní ìdérí tó le dáadáa, ó dùbúlẹ̀ sórí ọ̀pá irin méjì, mọ́tò kékeré ń yí irin, irin ń yí agolo. Ìgò, omi àti grit, ìyẹn hóró líle bíi yanrìn tó ń lọ nǹkan, ló máa wà nínú ẹ̀. Bó ṣe ń yí, ẹrù inú ẹ̀ á gùn ún lọ sókè díẹ̀, á tún yọ̀ padà wálẹ̀, yíyọ̀ wálẹ̀ yẹn gan-an niṣẹ́, ibẹ̀ ni grit ti ń lọ̀ ọ́. Nǹkan tí òkun máa ń fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe náà nìyẹn. Ní Seaham, etíkun kan ní àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé iṣẹ́ ìgò kan wà níbẹ̀ láti 1853 títí di 1921, inú òkun ni wọ́n ń da àfọ́kù wọn sí, títí di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí àwọn èèyàn ṣì ń lọ ṣa gíláàsì aláràbarà létí omi níbẹ̀, kò sí èyí tó mú lára ẹ̀ mọ́, gbogbo ẹ̀ ti rọ̀ lójú.

Kí ló wá yà á sọ́tọ̀ sí òkúta? Wọ́n ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní Mohs tí wọ́n fi ń mọ bí òkúta ṣe le tó, láti 1 dé 10, dáyámọ́ǹdì ló wà lórí 10. Agate, irú òkúta kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń yí, wà ní nǹkan bí 7, gíláàsì ìgò ò ju nǹkan bí 5.5 lọ, silicon carbide tí wọ́n fi ń ṣe grit sì ju 9 lọ. Nítorí náà grit máa ń jẹ gíláàsì kíákíá, ohun tó ń gba òkúta lọ́sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìgò lè parí ẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ má sì da agate àti ìgò pọ̀ sínú agolo kan, agate á kàn máa ha ìgò lára ni, ẹ ò ní rí dídán kankan níkẹyìn.

Ohun tó ń gba ìgò là ni tìmùtìmù. Mo máa ń da hóró ike kéékèèké mọ́ ọn, ọ̀pọ̀ ẹ̀, kó máa wà láàárín àfọ́kù kan sí èkejì. Agolo gbọ́dọ̀ kún tó ìdá méjì nínú mẹ́ta, ó sì lè tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kó má kọjá ibẹ̀. Tí kò bá kún tó, ìgò á máa já bọ́ dípò kó máa yọ̀, tó bá sì kún jù, nǹkan kan ò ní mira níbẹ̀. Omi ò gbọdọ̀ bo ìgò mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kó dúró díẹ̀ sísàlẹ̀ ojú ẹ̀.

Tó bá di ọ̀rọ̀ ìgò fúnra ẹ̀, ìdí ìgò ni mo fẹ́ràn jù, torí ibẹ̀ ló nípọn. Mo máa ń fi àkísà tó nípọn wé e, mo á wọ ìbọ̀wọ́, mo á bo ojú mi, mo á wá fi òòlù lù ú. Àwọ̀ ewé látara 7Up, àwọ̀ ilẹ̀ látara ìgò ọtí, gbogbo ìyẹn wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ nílùú Ìbàdàn níbí. Búlúù ló ṣòro. Ìgò milk of magnesia àtijọ́ tí àwọn ìyá wa máa ń kó pa mọ́, tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà á nù, cobalt ló wà nínú ẹ̀ tó fi rí bẹ́ẹ̀.

Cobalt yìí kan náà ló wà nínú ìlẹ̀kẹ̀ búlúù Ilé-Ifẹ̀ o! Ìgbàkigbà tí mo bá mú àfọ́kù búlúù dání, ó máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ní Igbó Olókun, Abidemi Babatunde Babalola àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ walẹ̀ níbẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tí wọ́n bá lábẹ́ ilẹ̀ ju 12,000 lọ, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì, iṣẹ́ náà jáde lọ́dún 2017. Nígbà tí wọ́n yẹ ohun tó wà nínú gíláàsì yẹn wò, wọ́n rí i pé kì í ṣe ti ilẹ̀ Lárúbáwá, kì í ṣe ti Yúróòpù, àwọn ará Ifẹ̀ fúnra wọn ló ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bíi sẹ́ńtúrì kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. A ti ń wọ sẹ̀gi tipẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n tọ́ dàgbà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé òkè òkun ni gbogbo gíláàsì ti wá, èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́, ó sì yẹ kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé.

Ọ̀rọ̀ lílọ̀ náà ò ṣàjèjì sí wa. Láyé àtijọ́, àwọn tó ń ṣe lántànà n'Ílọrin, ìlẹ̀kẹ̀ olókúta pupa yẹn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń lọ̀ ọ́ lórí òkúta títí á fi dán. Àwọn Krobo ní Gánà ṣì ń fi ìgò ṣe tiwọn dòní olónìí, wọ́n á gún ìgò kúnná, wọ́n á dà á sínú àwo amọ̀, wọ́n á ki igi ewé ẹ̀gẹ́ bọ àárín ẹ̀ kó lè jóná kó sì fi ihò sílẹ̀, tó bá ti inú iná jáde wọ́n á fi yanrìn àti omi lọ̀ ọ́ lórí òkúta. Yanrìn àti omi. Mọ́tò nìkan ni tèmi fi lé e.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sídìí ẹ̀rọ. Bí nọ́ńbà grit bá ṣe ń ga sí i ló ń kúnná sí i. Grit àkọ́kọ́, 60/90, rí bíi gaàrí Ìjẹ̀bú lọ́wọ́, òun ló ń kó ẹnu ìgò tó mú kúrò. Tí àfọ́kù ò bá mú púpọ̀ mi ò kì í lo ìyẹn rárá, 120/220 ni mo máa ń ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà 500, kó tó wá kan cerium oxide tó ń mú un dán. Láàárín ìpele kan sí èkejì, ẹ fọ gbogbo nǹkan, kí ẹ tún un fọ. Búrọ́ṣì ìfọyín ni mo fi ń fọ etí ìdérí torí grit fẹ́ràn àtisá pamọ́ síbẹ̀, hóró ike tó bá sì ti wọ grit tó le, kò gbọdọ̀ dé ibi cerium láé. Ẹyọ grit 60 kan ṣoṣo tó bá wọ ibẹ̀ ti ba iṣẹ́ gbogbo ọ̀sẹ̀ jẹ́.

Ẹ má sì wo ìgò nínú omi kí ẹ ní ó ti dán. Kò sí gíláàsì tí kì í dán nínú omi. Ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ tó wá gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Ẹ má sì fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ o, gíláàsì lè sán.

Èmi ò kì í gbé gbogbo ẹ̀ dé cerium. Aláwọ̀ ewé àti búlúù, tí wọ́n bá ti kúrò nínú 120/220 tàbí 500 tí ojú wọn rí bàìbàì, ibẹ̀ ni mo ti ń kó wọn jáde, ìmọ́lẹ̀ máa ń rọra wọ inú wọn lọ́nà tó wù mí ju dídán lọ. Aláwọ̀ ilẹ̀ ní tiẹ̀, tí kò bá dán, ó máa ń dà bí ìdọ̀tí lójú mi, ìyẹn gbọ́dọ̀ dé òpin.

Ní ti iná, ẹ̀yin ará ilé mọ bó ṣe ń rí. Ẹ̀rọ yẹn ò jẹ iná púpọ̀, ínfátà kékeré gbé e, ṣùgbọ́n tí iná bá lọ tí ò tètè dé, ẹ máa fọwọ́ yí agolo lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, torí tí ẹrẹ̀ inú ẹ̀ bá jókòó pẹ́, ó máa ń le ni. Nítorí ìyẹn náà ni ẹ ò fi gbọdọ̀ da ẹrẹ̀ yẹn sí sinki, páìpù yín á dí pátápátá. Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ni kí ó wà títí á fi tòrò, ẹ da omi orí ẹ̀ síta, ẹ di ẹrẹ̀ tó kù sínú nylon kí ẹ kó o mọ́ pàǹtí. Tó bá ti ta sílẹ̀ tó gbẹ, ẹ má gbá a, aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún, eruku gíláàsì ò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró ẹnikẹ́ni, pàápàá níbi tí ọmọdé bá wà.

Tí ẹ bá fẹ́ fi ṣe ẹ̀gbà ọrùn, lẹ́yìn tó bá ti kúrò nínú ẹ̀rọ ni kí ẹ tó lu ihò sí i, kí grit má lọ dí inú ẹ̀. Irin ìluhò olórí dáyámọ́ǹdì ni o, kí ìgò wà nínú omi, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má sáré. Tẹ́ ẹ bá ti lu ú dé ìdajì, ẹ yí i padà kí ẹ ti ẹ̀yìn lu ìyókù kó má bàa fọ́ létí. Ẹni tó bá ti rí ibi tí wọ́n ti ń ta cerium oxide n'Ìbàdàn tàbí l'Ékòó ní ìwọ̀n kékeré, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún mi, tèmi ti ń lọ sópin.