Ọdún ti ń lọ o: ọjọ́ tí mo tẹ̀lé mínísítà lẹ́nu iṣẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọdún ti fẹ́ parí, mo dúpẹ́. Ìdánwò ti kọjá, ara le, mo sì rí nǹkan díẹ̀ ṣe, ìyẹn náà tó ọpẹ́. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo nínú ọdún yìí, oṣù kẹwàá ni màá mú, ìgbà tí wọ́n ní kí n wá tẹ̀lé mínísítà kan láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

11 oṣù kẹwàá ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọbìnrin, ọdún 2012 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Àsìkò yẹn ni Plan International, àjọ kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ọmọdé, máa ń jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin jókòó sípò àwọn aláṣẹ, kódà ní Finland lọ́dún 2020 ọmọ ọdún 16 gbapò Sanna Marin, olórí ìjọba wọn nígbà yẹn, fún odindi ọjọ́ kan. Èmi ò gbapò ẹnikẹ́ni o, ẹ̀yìn mínísítà ni mo wà, mò ń wò, mò ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ gbọ́, fáìlì ni iṣẹ́ yẹn! Ìpàdé wà, kámẹ́rà wà, àlejò ò dá, ṣùgbọ́n fáìlì ló ń dúró dè wọ́n tí gbogbo ìyẹn bá parí. Fáìlì kan ò sì déédéé dé orí tábìlì wọn, òṣìṣẹ́ kan nísàlẹ̀ pátápátá ló kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ sí i, ọ̀gá rẹ̀ á kọ tiẹ̀, dírẹ́kítọ̀ á kọ tiẹ̀, akọ̀wé àgbà á wò ó, kó tó wá kan mínísítà. Ìjọba lè yí padà kí mínísítà máa lọ, àwọn tó ń kọ ọ́ nísàlẹ̀ ṣì máa wà níbẹ̀.

Ọ̀kan wà tó jẹ́ ti kànga fún àwọn iléèwé kan, gbogbo èèyàn ti buwọ́ lù ú, ó ku ti mínísítà. Wọ́n kàn béèrè pé, "Ta ló débẹ̀ lọ wò ó?" Kò sẹ́ni tó fọhùn. Wọ́n mú bíró, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n lọ wo ilẹ̀ náà ná, wọ́n dá a padà. Ó dùn mí torí àwọn ọmọ yẹn nílò omi, mo sì bi wọ́n nínú mọ́tò. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, owó tí àwọn aṣòfin fọwọ́ sí nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ni, tí a bá gbẹ́ ẹ tí kò sómi, èmi ni wọ́n máa pè kí n wá ṣàlàyé, àwọn ọmọ yẹn ò sì tún ní rí òmíràn."

Látìgbà yẹn, ẹni tó kọ ojú ewé àkọ́kọ́ fáìlì yẹn ni mò ń rò. Ká ní ó ti lọ wo ilẹ̀ yẹn kó tó kọ ọ́, iṣẹ́ ì bá ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Iṣẹ́ ẹni yẹn ni mo fẹ́ ṣe. Mo ti gba fọ́ọ̀mù láti lọ kọ́ nípa iṣẹ́ ìjọba, oṣù kìíní ni màá dá a padà, ẹ bá mi fàdúrà sí i.